Bàbá mi fẹ́ gun Òkè Ìdànrè lẹ́ni ọdún 74, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Aládé (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi pé ẹni ọdún 74 lóṣù tó kọjá. A bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí àwa ọmọ ṣe fún wọn. A ti rò pé wọ́n á ní ká dá aṣọ tàbí ká pa màlúù. Wọ́n ní rárá, Òkè Ìdànrè làwọn fẹ́ gùn. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí bàbá tiwọn sí kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni bàbá àgbà ti ka ábídí. Ìbàdàn làwa dàgbà sí ní tiwa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Ìdànrè rí, ìsìnkú la lọ ṣe, a ò tilẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè.

Ibi tí wàhálà wà rèé: orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í sì í gbọ́ "rárá" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká rọra tàn wọ́n lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, pé lífíìtì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún: àtẹ̀gùn yẹn tó mélòó? Ṣé àgbàlagbà lè gùn ún? Oṣù wo ló dáa? Kí la máa bá lókè gan-an? A ó tó mẹ́jọ, ọmọ kékeré méjì wà nínú wa.

Ajírìn_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

667 ni àtẹ̀gùn náà. Mo ti gùn ún tó ìgbà mẹ́fà. Ó ṣeé ṣe. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, ẹ lè jókòó níbẹ̀ kẹ́ ẹ mí délẹ̀, wọn ò ní kẹ́ ẹ gùn ún ní àgùnpa. Kẹ́ ẹ ṣáà ti wà lẹ́sẹ̀ òkè ní agogo méje àárọ̀. Tí oòrùn bá fi mú àpáta yẹn, ooru á máa tòkè bọ̀, á tún máa tìsàlẹ̀ bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń yan èèyàn lójú méjèèjì. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì ló dáa jù, òjò ò sí.

Bísí_Sùrúlérè (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

682 ni wọ́n sọ fún àwa o. Mi ò kà á ṣá, èémí wo ni mo fẹ́ fi kà á?

Ajírìn_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

667.

Kọ́lá_Láti_London (Ọjọ́ Ajé, 11:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Ajírìn, mo fara mọ́ ti òjò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ láàárín ọdún Kérésì. Èmi lọ ní ọjọ́ kejì Kérésì nígbà tí mo wálé. Ọyẹ́ bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀. Mo dé òkè, mo ní kí n wo ìlú láti òkè kí n ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi, funfun lásán ni mo rí, bí ẹni wo inú ìkòkò ẹ̀kọ. Àwọn ọ̀dọ́ tún pọ̀ jọjọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin dání, àtẹ̀gùn kún dẹ́nu. Àgbà tó ní ọ̀pá lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ sí láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ní ìparí Oṣù Kọkànlá, láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, ẹ forí jì mí tó bá gùn.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ gígòkè. Àná òde yìí náà ni mo ṣàlàyé irú ẹ̀ fún ìyá àgbà kan ní wọ́ọ̀dù: ìgòkè ń gba èémí, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń gba orúnkún. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, ọkàn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó mí gúlegúle, ẹ ó jókòó, á lọ. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìwọ̀n ara á máa já lé orúnkún kan ṣoṣo, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi délẹ̀. Nígbà tí bàbá bá ti rẹ̀ tán tí inú wọn sì ń dùn pé àwọn ti ṣe é, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀.

Nítorí náà, kí bàbá kọ́kọ́ rí dókítà tó ń fún wọn lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un gan-an, kì í ṣe "mo fẹ́ rìn díẹ̀". Àwọn oògùn kan ń mú kéèyàn tọ̀ púpọ̀, omi ara á yára gbẹ nínú oòrùn. Kí wọ́n má tìtorí ẹ̀ ṣíwọ́ lílo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ náà o! Mo mọ àwọn bàbá wa.

Ẹ ní orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Ẹsẹ̀ òsì, èyí tó dá, ni kó máa ṣáájú gòkè. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọ̀pá ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ òsì wá tẹ̀ lé e sórí àtẹ̀gùn kan náà kí wọ́n tó tún gbé ìgbésẹ̀ míì. Kí wọ́n ti máa fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé dánra wò láti ìsinsìnyí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa kọ́ ọ.

Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún. Tí wọn ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ẹ jókòó. Tí àyà bá ń fún wọn, tí òógùn tútù bá bò wọ́n, tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ múra ilé, ẹ má sọ pé "ó ku díẹ̀".

Jagun_Òṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀)

Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni ọdún 74, ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún, òkè tí mọ́tò ò lè gùn. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n lórí àtẹ̀gùn irinwó, ta ló máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀? Ẹ̀gbọ́n yín ló gbọ́n jù nínú yín. Olúmọ náà ní ìtàn, ibẹ̀ làwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, láti ọdún 2006 sì ni wọ́n ti ṣe lífíìtì síbẹ̀. Ẹ gbé bàbá lọ síbẹ̀, ẹ ra ọ̀fadà fún wọn, ẹ padà sílé láyọ̀.

Ọmọ_Odòde (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀)

Jagun, ẹ kú àánú. Ṣùgbọ́n bàbá ò ní àpáta lásán làwọn fẹ́ rí. Ibi tí wọ́n bí bàbá àwọn sí ni wọ́n fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá kí ilé bàbá yín ní Òṣogbo, ṣé ẹ ó gbà kí wọ́n gbé yín lọ sí Ìkìrun nítorí pé títì ibẹ̀ dáa?

Tísà_Ìtàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ohun tí wọ́n máa bá lókè, torí ohun tó ń mú kí gígun òkè yẹn dùn nìyẹn.

Ìlú ló wà lókè. Ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́, ilé agogo, ibi tí wọ́n sin àwọn èèyàn sí, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1896, ilé amọ̀. Tí bàbá àgbà bá fi ọmọdé ka ìwé lókè, ilé yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré kọjá lára rẹ̀ torí pé kò tóbi, wọ́n á ní àwọn ń wá "ibi tó rẹwà". Èmi máa ń gba àwọn ọmọ kíláàsì mi níyànjú pé kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ kí wọ́n rò ó wò: ta ló ru pátákó ìkọ̀wé àti síléètì gun òkè yìí, kó tó di pé àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì wà?

Ogun Fúlàní ló lé wọn sórí òkè. Nígbà tí àlàáfíà dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Àjọ UNESCO ti sọ ibẹ̀ di ogún àjogúnbá àgbáyé ní 2007.

Ọmọ_Odòde (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:33 ọ̀sán)

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n méjì nínú ohun tẹ́ ẹ sọ ò rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Fúlàní ló gbé wa dé orí òkè. Kí ogun wọn tó dé ilẹ̀ Yorùbá rárá la ti wà níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa nílé ni pé láti Ifẹ̀ la ti bá Olófin wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pe ìlú òkè ní Ufẹ̀kè, Ifẹ̀ Òkè nìyẹn lédè wa. Orúkọ Ìdànrè, wọ́n ní ẹni tó rí àpáta wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan ló pariwo pé "Ìdán rè é!" Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ má gbà á, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á mọ̀ pé kò jìnnà sóòótọ́. Òótọ́ ni pé àpáta gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ogun. Ọ̀tá wo ló fẹ́ fi orí kan òkúta láti ìsàlẹ̀? Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ogun Kírìjì ní 1886, tí òyìnbó wá gba ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé wa mọ́. Kòkó ló wá fà wá sọ̀ kalẹ̀ jù. Oko kòkó wà nísàlẹ̀, oníṣòwò wà nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀. Ta ló fẹ́ ru àpò kòkó gòkè kó tún rù ú sọ̀ kalẹ̀? Báyìí la ṣe di ìlú mẹ́ta nísàlẹ̀: Odòde, Aládé àti Àtòsìn.

Ti UNESCO, orúkọ wa wà lára àwọn tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ní 2007, wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Méjì péré ni Nàìjíríà ní tó ti wọlé: Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa ní 1999 àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Jagun lẹ lè kí kú oríire ní ti ìyẹn.

Tísà_Ìtàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:01 ọ̀sán)

Mo gbà. Ti UNESCO, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láṣìṣe láti ọdún mẹ́ta. N ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Jagun_Òṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun. Mi ò tíì yí ọkàn mi padà nípa bàbá o.

Aláǹgbá_Orí_Àpáta (Ọjọ́rú, 10:05 àárọ̀)

Mo ṣe ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ẹranko ní yunifásítì, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ bojú wo bí àpáta ṣe ń bó. Gíránáìtì ni, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì, ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Bí ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ṣe ń ṣàn lọ ni àpáta ń yọrí, tó sì ń bó ní awẹ́awẹ́ bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi rí róbótó. Ẹ ó rí awẹ́ tó ti là àmọ́ tí kò tíì já. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gun orí rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹun.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì rí níbòmíràn láyé yìí yàtọ̀ sí òkè Ìdànrè. Ó lé ní ogójì ọdún tí onímọ̀ kankan ò fi gbúròó rẹ̀, wọ́n ti rò pé ó ti tán, àfìgbà tí wọ́n tún bá a pàdé ní 2013. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú odò bí ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ara àpáta tó tutù, níbi tí omi tín-ín-rín ń sun gba kọjá, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí omi ń rin àpáta, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fọṣẹ síbẹ̀, ẹ má da omi ọ̀rá tó ṣẹ́kù sí i. Ibi tí omi ti ń rìn yẹn náà ló sì ń yọ̀ jù, nítorí náà ẹ gba orúnkún bàbá là, ẹ gba ọ̀pọ̀lọ́ náà là.

Màmá_Ẹ̀jìrẹ́ (Ọjọ́rú, 12:47 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ àpáta tán, kò sẹ́ni tó rántí ọmọ kékeré méjì tí Ọmọ_Aládé sọ.

Mo kó ìbejì mi lọ, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n gun òkè yẹn bí ewúrẹ́, èmi ni mo kú síbẹ̀. Ìṣòro ọmọ kì í ṣe àtẹ̀gùn, orí òkè ni ìṣòro, torí wọ́n á rí pẹrẹsẹ, wọ́n á fẹ́ sáré, etí àpáta ò sì ní ọgbà ní ibi púpọ̀. Kí àgbà kan di ọmọ kan mú, kẹ́ni náà má ya fọ́tò. Bàtà tó mú ilẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀. Mo rí àbúrò kan tó wọ bàtà gíga fún fọ́tò, ẹsẹ̀ lásán ló fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ ohun fúyẹ́ láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó. Iyán Ìdànrè ń bẹ nísàlẹ̀, ó ń dúró dè yín, ẹ má jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó gùn. Ẹ mú owó kéékèèké dání.

Wọ́n á mú yín dé ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ lára òkúta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá a mu, ì báà tóbi, ì báà kéré, àfi tàjẹ́. Taye gbé ẹsẹ̀ sí i, ó bá a mu. Bàbá wọn tó ń wọ bàtà nọ́ńbà 45 gbé tiẹ̀ sí i, ó bá a mu. Wọ́n ní ó kàn mí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ àríyànjiyàn.

Bísí_Sùrúlérè (Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán)

Màmá Ẹ̀jìrẹ́, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín 😂

Ọmọ_Aládé (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín pátápátá. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí bàbá, àti ti Jagun náà. Wọ́n ní kí n sọ fún Jagun pé àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n Òṣogbo ò ní òkè, kò lè yé e. (Ẹ má bínú, sà.) Dókítà ti rí wọn, ó ní kí wọ́n máa fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dánra wò fún oṣù kan, kí wọ́n padà wá kó tún ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ká sun Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè? Ṣé dandan ni ká gba ẹni tó máa mú wa kiri?

Ajírìn_Àkúrẹ́ (Ọjọ́rú, 9:52 alẹ́)

Àkúrẹ́ kò jìnnà, kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 lọ. Ẹ sun Àkúrẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tètè jí.

Ọmọ_Odòde (Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́)

Ẹ sun Ìdànrè. Kì í ṣe torí ìlú mi ni mo ṣe sọ ọ́. Ẹ ó ti Ìbàdàn gba Ifẹ̀, gba Iléṣà, gba Àkúrẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá á ti wú nínú ọkọ̀. Kí wọ́n sùn nísàlẹ̀ òkè, kí wọ́n jí rí i lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n Ajírìn ń sọ ti ọ̀dọ́.

Ẹ gba atọ́nà. Kì í ṣe nítorí pé ẹ ó ṣìnà lórí àtẹ̀gùn. Lókè, àwọn ojúbọ wà tí wọn kì í ya fọ́tò wọn, àwọn ibì kan wà tí àlejò kì í dé, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ èyí. Ẹ dúnàádúrà owó rẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Tí bàbá bá sọ orúkọ agbo ilé wọn fún un, ó lè mọ ibi tí ilé náà wà, tàbí kó mọ àgbà tó mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá ọdún Orósùn wò, Oṣù Karùn-ún nìyẹn, àmọ́ òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mi ò ní kẹ́ ẹ gbé bàbá wá.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ (Ọjọ́bọ̀, 6:41 àárọ̀)

Ọ̀pá méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Mo gbàgbé láti sọ ọ́.

Ọmọ_Aládé (ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti bọ̀.

Ìdànrè la sùn. Agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú la gbéra. Bàbá fi ọ̀pá méjì, ẹsẹ̀ òsì ṣáájú, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn mú. Gbogbo ibi ìsinmi márààrún la jókòó. Ní ìkẹta, èémí ń gbé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan nípa oko bàbá wọn, bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá dáhùn parí, wọ́n tún fi èébú sí i fún mi. Mo mọ̀ pé ara wọn le.

Atọ́nà wa mọ orúkọ agbo ilé náà. Ògiri kan ló kù níbẹ̀, kò ju orúnkún lọ, koríko ti bò ó. Bàbá ò pẹ́ níbẹ̀ rárá, ó yà mí lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n pẹ́ sí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ara ògiri amọ̀ títí eruku fi pọ́n wọn lọ́wọ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka "A, B, D" ní ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, pẹ̀lú orin nínú rẹ̀. Wọ́n ní báyìí ni bàbá àwọn ṣe ń kà á fún àwọn ní kékeré, pé àwọn ti rò pé eré ló ń fi àwọn ṣe.

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ, ìsọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Orúnkún yẹn wú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni Olúmọ, ló pọ̀n wọ́n láti ibi ìsinmi tó kẹ́yìn délẹ̀, òógùn bò ó, ó ń kùn, bàbá sì ń kà á létí lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Kí n má gbàgbé. Bàbá ka gbogbo àtẹ̀gùn nígbà tí a ń lọ àti nígbà tí a ń bọ̀. Wọ́n ní 671 ni.

Ajírìn_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 7:11 alẹ́)

Ẹ kú oríire, ẹ bá wa kí bàbá. 667 ni o.